Giramafóònù Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Rẹ

Hinterbrunn,
Ọjọ́ kejì lẹ́yìn àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́, ọdún 1909.

Fidel, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìfaradà láàárín èrò Berlin, níbi tí Severin tó ń pín lẹ́tà ti sọ pé ènìyàn kì í mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ìbọ̀sẹ̀ onírun tí mo hun fún ọ kò tíì lu? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ màlúù wa nínú yìnyín kò ní í gbàgbé rẹ. Ẹ̀rọ kò ní í gé ọ níka, ọ̀gá kò ní í rí ọ bínú, àtẹ̀gùn ilé alájà márùn-ún yẹn kò ní í yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín.

Àwa náà ń bẹ láàyè. Yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé. Màlúù alámì tótòtó bí akọ ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ náà ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Òrùlé Afra aládùúgbò wa ti jìn lápá kan, ọkọ rẹ̀, Lukas tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òun á tún un ṣe bí Àjíǹde bá ti kọjá, Afra bi í pé Àjíǹde ọdún wo.

Bàbá rẹ wà bí o ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Láti ìgbà tí ibà ti di etí wọn ní ọdún méje sẹ́yìn, síléètì la ṣì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kò sì ṣe aago ẹlẹ́yẹ kankan mọ́, èyí tí ẹyẹ onígi inú rẹ̀ máa ń ké bí wákàtí bá pé, wọ́n ní ẹni tí kò gbọ́ ohùn ẹyẹ kò lè gbẹ́ fèrè fún un. Láti ìgbà tí ìwọ náà sì ti dìde nídìí tábìlì aago, tí o kó aṣọ rẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Berlin, wọn kò dárúkọ rẹ. Bí mo bá kọ ọ́ sórí síléètì, wọ́n á fi apá ẹ̀wù nù ún.

Ẹrù rẹ dé ní ọjọ́ Ajé kan. Severin ló wọ́ ọ gun òkè lórí yìnyín, ó ní bí òun bá tún gbé irú rẹ̀, òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fún un ní ife ọtí ṣẹ́rì méjì, ó ní òun kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. A tú u. Mo kọ́kọ́ rí nǹkan kan bí àrọ ńlá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú ọkàn mi pé o rántí pé àrọ tí a fi ń rọ wàrà ti jò. Mo tún rí àwo dúdú mẹ́ta, mo kó wọn sínú omi gbígbóná kí n tó tò wọ́n mọ́ àwo oúnjẹ. Ọ̀kan ká sókè létí bíi fìlà, adìẹ Afra ló ń mu omi nínú rẹ̀ báyìí. Mo yára yọ méjì yòókù. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà rẹ ni mo tó mọ̀ pé orin ló wà lára wọn.

Mo yí ọwọ́ irin ẹ̀rọ náà bí o ṣe wí, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti inú àrọ. Afra fi ọwọ́ bo àyà. Ó ní ta ló bí eléyìí, ó sì ní bó bá jẹ́ pé ọkọ òun lè kọrin báyìí, òun kì bá tí béèrè òrùlé. Ìwé ẹ̀rọ náà sọ pé abẹ́rẹ́ kan fún orin kan, lẹ́yìn náà kí a jù ú nù. Mi ò gbà pé ẹni tó ní ìyá ló kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń kó èyí tí a ti lò pamọ́, àwọn ni mo fi ń gún ẹnu ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí mo bá rọ ẹran lílọ̀ sí láti ṣe sọ́séèjì.

Bàbá rẹ jókòó síbi iná, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n yíjú padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rí ẹnu Afra tó là sílẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń fi ẹ̀rọ orin ránṣẹ́ sí adití? Wọ́n ní ẹni tó bá fún afọ́jú ní dígí, èébú ló bú u. Mo na lẹ́tà rẹ sí wọn, wọn kò gbà á. Mo tì í bọ àpò.

Ní ọjọ́ kẹta, Lukas wá gbọ́ orin. Èmi ni mò ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, mo ní kí orin lè pẹ́, kí n yí i dáadáa, bí ẹni ń fún omi lára aṣọ. Nǹkan dún gbàù nínú àpótí, ẹ̀rọ náà dúró. Bàbá rẹ kò gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ wọn wà lórí tábìlì tí a gbé e lé. Wọ́n ní kí ló já? Èmi àti Lukas wo ara wa. Láti ọdún méje, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n dúró gba èsì rẹ̀, yàtọ̀ sí ti oúnjẹ, nìyẹn.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, mo wá ka káàdì tó wà nínú àpótí náà. Ó ní kí a buwọ́ lù ú, kí a sì dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n yá wa ní ẹ̀rọ náà, mo sì ti bà á jẹ́. Ó tún ní ilé iṣẹ́ kò ní í dáhùn fún ẹ̀rọ tí ọwọ́ tí kò ní àṣẹ bá tú. Bàbá rẹ sì ti mú irin ìtúdè dání. Mo kọ ọ́ sórí síléètì pé ọwọ́ yín kò ní àṣẹ. Wọ́n ní ọwọ́ tó ti ṣe irinwó aago, ọwọ́ ta ló tún kù? Mo ní káàdì ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo fà wọ́n lọ bá Fadá. Fadá ka káàdì, wọ́n fi aṣọ ìnujú bo ẹnu fún ìgbà díẹ̀, bóyá òtútù ni, wọ́n wá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá rẹ méjèèjì, wọ́n súre fún ọwọ́ náà ní èdè Látìn. Mo ní kí wọ́n buwọ́ lu káàdì pé àwọn ti fún ọwọ́ náà ní àṣẹ, wọ́n buwọ́ lù ú.

Bí a ṣe délé ni bàbá rẹ tú ẹ̀rọ. Ohun tó ń fún un lágbára, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní sípírìn ni, ó gùn ju okùn màlúù lọ, wọ́n ká a bí ẹní sínú agolo. Bí wọ́n ṣe ṣí agolo náà, irin yẹn fò jáde bí ejò, ó gé wọn ní àtàǹpàkò, ó fọ́ ìkòkò kábéèjì mi, ó wá ń gbọ̀n lórí ilẹ̀. Mò ń ké, bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé òkúta tí a so kọ́, tó ń fà wálẹ̀, ni bàbá rẹ fi ń mú aago tiwọn ṣiṣẹ́, wọn kò fọkàn tán sípírìn rí. Wọ́n ní òkúta dà bí ìyàwó rere, bó ṣe ń fà láàárọ̀ ló ń fà lálẹ́. Sípírìn dà bí ọlọ́pàá tuntun, lọ́jọ́ tó dé yóò máa lé gbogbo ènìyàn kiri, bó bá pẹ́ á máa sùn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní báwo wá ni àwo orin kò ṣe sáré níbẹ̀rẹ̀, kó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ níparí? Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wo inú àpótí. Ní ọjọ́ kejì wọ́n pè mí. Bọ́ọ̀lù òjé kékeré mẹ́ta ló wà lára ọ̀pá kan, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ ọn. Bí ọ̀pá bá yí jù, àwọn bọ́ọ̀lù á fẹ̀ síta bí yẹ̀rì omidan tó ń jó, wọ́n á fa àwo idẹ kan lọ fara kan awọ, awọ á sì dá a dúró díẹ̀. Bí eré bá dínkù, wọ́n á padà sún mọ́ra, awọ á jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ro èyí kì í ṣe òmùgọ̀. Mo kọ ọ́ sórí síléètì pé ilé iṣẹ́ Fidel ni. Wọ́n nù ún, ṣùgbọ́n wọn kò yára nù ún.

Sípírìn náà já nítòsí orí rẹ̀ ti inú. Wọ́n fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n lu ihò tuntun, wọ́n fi kọ́ ọ̀pá àárín. Wọ́n ní kí n mú ọ̀rá wá, wọ́n lọ ẹ̀dú pẹ́ńsùlù mọ́ ọn, wọ́n fi pa á kó lè máa yọ̀ bó bá ń tú. Ọ̀rá tí mo fi pamọ́ de Àjíǹde ni.

Ní ọjọ́ kejìlá Severin dé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa tọrọ ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ó ka káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìyá Fidel, káàdì yìí nìkan ni wọ́n ní kí ẹ dá padà, ta ló fẹ́ gbé ẹ̀rọ yìí sọ̀kalẹ̀? Mo fi káàdì rán an, pẹ̀lú ìbuwọ́lù Fadá. A kò kọ ọ́ sórí síléètì fún bàbá rẹ, nítorí ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n tètè jí.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ̀rọ pé. Lukas àti Afra wà níbẹ̀. Ìwé sọ pé kí àwo máa yí ní ìgbà méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Bàbá rẹ lẹ bébà pupa mọ́ etí rẹ̀, wọ́n wo aago, wọ́n kà á, ó pé géérégé. Ọkùnrin inú àrọ ń kọrin, Lukas ń mi orí, Afra ń nu ojú. Bàbá rẹ dúró ṣánṣán láàárín wa, wọ́n ń wo bébà pupa tó ń yí, ojú wọn rọ̀ wá sílẹ̀. Iṣẹ́ ti tán. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá yọ lẹ́tà rẹ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbà á.

Wọ́n kà á dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé àpótí ohùn róbótó tó wà lórí abẹ́rẹ́, ọwọ́ ìwọ gan-an lo fi tò ó, àti pé bí bàbá bá fi ìka kàn án, wọ́n á mọ̀ pé ó ń mí. Wọ́n fi ìka kàn án. Wọ́n yọ ìka. Wọ́n tún fi kàn án. Wọ́n wo yàrá yíká, wọ́n mú ṣíbí onígi mi nínú ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n nù ún mọ́ ṣòkòtò, wọ́n fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n sì fi orí rẹ̀ kan etí àpótí ohùn náà fẹ́ẹ́rẹ́.

Orin gba ara ṣíbí àti eyín wọ inú orí wọn. Àwo náà yí títí dé òpin, Lukas tún gbé abẹ́rẹ́ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Omi ń bọ́ lójú bàbá rẹ, wọn kò nù ún, ọwọ́ wọn kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ṣíbí lẹ́nu. Wọ́n ní ohùn ọkùnrin yìí ga ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ lọ, ẹ ń lé e sáré. Wọ́n na ọwọ́ sí irin tó ń darí eré, wọ́n dín in díẹ̀. Lukas ní rárá o, ó ti pé bí ìwé ṣe wí. Ó sáré wọ inú yìnyín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ìwé orin àti irin olórí méjì tó fi ń wá ohùn dùùrù dé, ó lu irin náà mọ́ orúnkún, ó fi ohùn rẹ̀ wé ti àwo, ó wo ìwé orin, ó tún un lù. Ó wá jókòó. Ó ní bàbá Fidel ló gbà á, ìwé ló ṣì í. Afra ní kí ó kúkú lọ tún òrùlé ṣe.

Láti ọjọ́ náà mi ò ní ṣíbí ọbẹ̀ mọ́. Fèrè ẹyẹ méjì wà lórí tábìlì, wọ́n ń gbẹ́ wọn, wọ́n ń fi ṣíbí gbọ́ wọn. Abẹ́rẹ́ ti tán, ẹ̀gún igi ọgbà ni wọ́n ń gbẹ́ lò, wọ́n ní ohùn rẹ̀ tutù ju ti irin lọ. Síbẹ̀, fi páálí abẹ́rẹ́ méjì ránṣẹ́, kí o sì fi owó máàkì mẹ́wàá sí i fún ìkòkò tuntun àti ọ̀rá. Bá mi kí ọkùnrin tó ń kọrin náà, bá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí àwo tí mo bọ̀.

Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ìdè irin yíyí ọwọ́ ọ̀tún lára àpótí ohùn yẹn, o fún un jù. Wọ́n ní kí o dẹ̀ ẹ́ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo èyí tí ọwọ́ rẹ bá tún tò. Mo bi wọ́n bóyá nǹkan mìíràn wà, wọ́n ní kí ni nǹkan mìíràn? Fidel, láti ọdún tí o ti lọ, wọn kò rán mi níṣẹ́ sí ọ rí. Iṣẹ́ náà nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán mi.

Olúwa á máa bá ọ gbé, á máa bá ọ jí. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá tò kò ní í tú. Ọ̀nà Berlin kò ní í jìn jù fún ẹsẹ̀ rẹ ní ọjọ́ tí ilé bá pè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Walburga