Èmi Náà Lọ Béèrè Iye Tí Ìkọ̀sílẹ̀ Ń Náni

Garland, ní Amẹ́ríkà, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo yà sí ọ́fíìsì lọ́yà kan lónìí. Kì í ṣe pé mo ti pinnu láti kọ Fúnkẹ́, ìyàwó mi, sílẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ mọ iye tó máa ń náni ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Akọ̀wé wọn tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà, ó wá ní, "Ẹ má bínú, sà. Lọ́yà wa ò lè bá yín sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ti wá rí wa lórí ọ̀rọ̀ yìí."

Ta tún ni, bí kì í bá ṣe Fúnkẹ́? Kò tiẹ̀ dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ohun tó bi wọ́n ni mo fẹ́ mọ̀.

Bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo bi í pé, "Èló ni lọ́yà pè é?"

"Bàbá Tómi! Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi náà lọ síbẹ̀ ni."

Ó jókòó. Ó ní tí a bá fẹnu kò lórí ilé àti ọmọ, kò ní pọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ń jà, wákàtí wákàtí ni wọn yóò máa gbowó. "Ẹ sì mọ̀ wá," ló wí. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé kí ló tún béèrè. Ó ní òun bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń dá owó padà tí èèyàn bá yí ọkàn padà.

Ó ti wọ kíṣìnì kí n tó lè bi í léèrè èsì wọn.