Ọwọ́ Mi Méjèèjì Lára Ògiri

Ìyàwó mi, Ìyá Páálí,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ọwọ́ ìwọ àti ọmọ wa tí ẹ yà sórí páálí, tí ẹ gé, tí ẹ sì kùn, dùn ún wò lára ògiri. O ní àyè tèmi ṣófo bí ẹnu tí eyín ti yọ. Wàhálà rẹ pọ̀!

Ó dáa, tèmi nìyí nínú àpòòwé, òsì àtọ̀tún. Télọ̀ tí a jọ ń gbé yàrá ló bá mi yà á. Òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ọ̀lẹ ló mú mi, má bínú. Ó ya òsì, ó gé e, ó wá yí i padà fi ya ọ̀tún, kó lè tètè parí.

Iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n ti mú mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń la pákó, ẹnu géètì ni mo ń jókòó sí báyìí bí ọ̀gá. Ara náà ti ń yá.

Ojú ọmọ wa mú, ó mọ ìka òsì mi tó wọ́. Tó bá ní tọ̀tún náà wọ́, sọ fún un pé àgbà ló ń dé. Fídíò tó ń bèèrè, sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò dáa.

Bá mi kí ìyá mi. Sọ fún wọn pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi kí wọn.