Ọ̀pá Irin Tí Ẹ Fi Ń Wo Ilẹ̀

31, Òpópónà Elm,
Tucson, Arizona,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1966.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Ìbítóyè,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ìyàwó yín Ìbídùnní ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dun Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ara tèmi le, àfi oúnjẹ ibí tí kò ní ata.

Ọpẹ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí mo sọ pé a ó jù sílẹ̀ láti òkè, kó lọ gún ilẹ̀ ayé pupa kan lójú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Máàsì, ká lè mọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ló fẹ́ lọ kọ ebè níbẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Mo fi sìpírìǹgì líle tí yóò máa tì í sí i kó lè wọlẹ̀ dáadáa. Ó ń wọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọ iyanrìn náà ló ṣe ń wọ amọ̀, kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn wá. Ọ̀gá wa ní bí n kò bá tún un ṣe títí di ọjọ́ Ẹtì, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kí n máa lọ sílé. Bọ̀ọ̀dá, àyà mi já. Ẹ fi ilé ìwé sílẹ̀ kí èmi lè lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò yín?

Ibẹ̀ ni mo ti rántí oko wa lọ́nà Ìṣòlò. Kí a tó kọ ebè, ẹ máa ń gbé ọ̀pá irin yín dé èjìká, ẹ ó sì jù ú sílẹ̀. Bó bá ṣe wọlẹ̀ sí lẹ fi ń mọ ibi tí iṣu máa ta sí. Èmi a máa fọwọ́ tì í. Ẹ gbá mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ ní bí mo bá ń ràn án lọ́wọ́, agbára ara mi ni mò ń wò, kì í ṣe ilẹ̀.

Mo yọ sìpírìǹgì náà dànù. Lọ́jọ́ Ẹtì, a jù ú sórí ilẹ̀ mẹ́rin tí wọn ò sọ fún mi ohun tí wọ́n jẹ́. Ó mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ, mo ní lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀sí. Ó ní òun ò gbọ́ nípa yunifásítì yẹn rí. Mo ní ó le láti wọ̀.

Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ọlọ́run ò ní mú yín kúrò lẹ́yìn mi.

Ẹ bá mi bu ilẹ̀ oko náà sínú agolo mílíìkì méjì, ọ̀kan láti etí odò, ọ̀kan láti ibi olókùúta tí ọ̀pá yín máa ń ta padà. Ẹ kó wọn fún Pásítọ̀ Jonah ìjọ wa tó ń bọ̀ wá síbí lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ má kọ nǹkan kan sí wọn lára. Bí ẹ̀rọ mi bá mọ èyí tó jẹ́ èwo, ìgbà yẹn ni n ó tó gbà pé mo ti kàwé jáde.

Ẹ kí Màmá, ẹ kí gbogbo ilé.

Àbúrò yín tí ẹ gbá lọ́wọ́,
Adégbóyè.