Bí Mo Ṣe Ń Lọ Síbi Iṣẹ́ Nínú Ilé Mi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé ọkàn sì balẹ̀? Ní tiwa níbí, à ń jẹun, à ń sùn, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ pé iléeṣẹ́ yín ní kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé, àti pé ariwo ilé kò jẹ́ kí o rójú ṣe é. Má fòyà. Ohun tó ń bá ọ fínra yìí ti bá mi jìjàkadì rí, èmi ni mo sì dá a.

O mọ̀ pé iléeṣẹ́ adójútòfò ni mò ń bá gba ìpè àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílé, gbogbo ayé rò pé mo jókòó lásán ni. Àwọn ọmọ ń wá ìbọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ìyá ọkọ mi ń béèrè ibi tí iyọ̀ wà. Aládùúgbò wa kan, tí à ń pè ní Ìṣẹ́jú-Kan torí pé ìṣẹ́jú kan péré ló máa ń ní òun fẹ́ lò, á jókòó títí àga á fi gbóná.

Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan pè mí. Ilé wọn ló jó. Bí wọ́n ṣe ń ròyìn, Ìṣẹ́jú-Kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá bá ní, "Ṣé èmi lẹ ń fi rẹ́rìn-ín?" Wọ́n gé ìpè náà. Ọ̀gá mi ní bírú ẹ̀ bá tún wáyé, kí n gbàgbé iṣẹ́. Àmọ́ ohùn bàbá yẹn ló dùn mí ju ìkìlọ̀ ọ̀gá lọ. Mo pè wọ́n padà, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọṣọ iṣẹ́, mo wọ bàtà, mo ní ó dàbọ̀ fún gbogbo ilé. Mo gba iwájú jáde, mo yí ilé po, mo gba ẹ̀yìn wọ yàrá tí à ń kó ẹrù sí, mo tìlẹ̀kùn. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n gbé àga, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí Ìṣẹ́jú-Kan fi dé. Mò ń gbọ́ wọn látinú yàrá.

"Ìyàwó mi ò sí nílé. Ó ti lọ síbi iṣẹ́."

"Háà, Màmá, ohùn wọn ni mò ń gbọ́ yìí!"

"Ohùn ẹ̀ ló gbàgbé sílé. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á mú un."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ti là. Àbúrò mi, wá ilẹ̀kùn kan tì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn nìkan ò tó o: sọ ìdí tí o fi ń tì í fún àwọn ará ilé. Ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ ló ń báni ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ilé á tù ọ́ lára, ẹnu iṣẹ́ rẹ á sì máa dùn.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó fẹ̀yìn pọ̀n ọ́.

Mo tún rántí: àga tí o ní o fẹ́ rà, má ra èyí tó rọ̀ jù o. Oorun ni wọ́n ń tà mọ́ ọn.