Màmá, Ẹ Má Tíì Fi Rọ́fíà Ránṣẹ́ sí Gánà

Ẹ kú ilé o, Màmá mi ní Àtàn. Ẹ kú iná gàrí, ẹ kú ìtọ́jú Rọ́fíà ọmọ mi. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kí ẹ̀yin àti Bàbá. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ: yàrá tí mo ní mo ti rí ní Gánà níbí, n kò sùn nínú rẹ̀ rí. Ẹ dákun, ẹ má tíì fi Rọ́fíà wọkọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, kí obìnrin mìíràn tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lè rí i kà.

Ẹ rántí pé ẹ ní kí n má sùn sọ́dọ̀ àjèjì, kí n wá ọmọ ilé wa. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú Máhrúfù ọmọ ọwọ́ mi lẹ́yìn, owó òtẹ́ẹ̀lì tí mo bèèrè já mi láyà. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti gbọ́ tí mò ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó kí mi bí àwọn àgbà Ọ̀tà ṣe ń kíni gẹ́lẹ́. Ó ní Ìjù ni ilé ìyá òun, ó sì mọ ibi tí a ti ń wọ mọ́tò Àtàn ní Iyana Iyesi. Ó ní, "Ọmọ ìyá mi, o ò ní sun òtẹ́ẹ̀lì níṣojú mi." Ó ní yàrá kan wà lọ́wọ́ òun tí kò wọ́n.

Màmá, ojú tì mí láti ní kí n kọ́kọ́ lọ wò ó. Báwo ni màá ṣe máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ilé wa wò bí ẹni pé olè ni? Mo sanwó oṣù mẹ́ta, mo sì pè yín lójú ẹsẹ̀ pé mo ti rí yàrá. Nígbà tí mo débẹ̀, tọkọtaya kan ló ṣílẹ̀kùn. Onílé ní òun kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Nọ́ńbà ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Ǹ bá sọ fún yín lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò, ẹ sì ti ra báàgì fún Rọ́fíà.

Ilé ibùsùn àwọn obìnrin ni mo wà báyìí, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà nínú yàrá kan, fáànù kan. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń sanwó, agbára mi sì ká a. Ooru mú; bí òjò bá sì rọ̀, omi a wọlé, bàtà wa a di orí bẹ́ẹ̀dì. Ìdúró ni mò ń di irun ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń wú ju ìgbà tí mò ń di bisikíìtì sínú páálí ní Sango lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí n kò ní gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sì gbọ́ ọ lójú títì báyìí, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹfúà, tó ń sun bẹ́ẹ̀dì òkè mi, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tòmátì tí mo bá fẹ́ rà, mo máa ń yí i ká wò, ṣùgbọ́n odidi yàrá, etí ni mo fi rà á.

Obìnrin tó ni ilé yìí kì í gba ọmọ tó bá ti ń rìn. Ìdí nìyẹn tí Rọ́fíà kò fi lè wá. Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù ni pé Máhrúfù ti ń di bẹ́ẹ̀dì mú dìde. Nílé, à bá máa pàtẹ́wọ́ fún un. Níbí, mo máa ń fà á jókòó kí obìnrin náà tó wọlé. Ọmọ fẹ́ rìn, èmi ìyá rẹ̀ ni mò ń dá a dúró.

Mò ń wá ibòmíràn. Màá fojú mi rí ìlẹ̀kùn, màá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kí n tó mówó jáde, ì báà jẹ́ ọmọ Ọ̀tà ló ni ilé. Ṣùgbọ́n yóò gba àsìkò. Bàbá Rọ́fíà tó wà nílé lọ́hùn-ún ní ṣíìfù ilé iṣẹ́ irin kò lè jẹ́ kí òun mú ọmọ sọ́dọ̀. Ṣé ẹ lè fi Rọ́fíà sọ́dọ̀ di ọdún tó ń bọ̀? Bí Máhrúfù bá sì rìn kí n tó ríbi kó sí, ṣé ẹ lè gba òun náà? Bí agbára yín kò bá ká a, ẹ sọ fún mi, màá padà wálé.

Kí Ọlọ́hun lọ́ra ẹ̀mí yín fún wa, kó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń yan gàrí. Ẹ sọ fún Rọ́fíà pé kì í ṣe pé n kò fẹ́ kó wá.

Èmi ni ọmọ yín, Bàsírátù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.