Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Gbá A L'Ékòó

Olóòtú wa àtàtà, mo kí yín tayọ̀tayọ̀ láti Iyaro, ní Benin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Ìyàwó oṣù kan ni mí, inú mi sì ń dùn débi pé orin ni mò ń kọ nídìí sítóòfù. Inú bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ibí háyà lọ sí Èkó, láti lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ni èmi àti ọkọ mi ti pàdé. Ní báyìí, ẹgbẹ́ wa fẹ́ bẹ ìjọba kí wọ́n gbé èyí tó ń bọ̀ wá sí pápá ìṣeré Ògbè níbí. Ọkọ mi ló ṣáájú wọn!

Mo ní, "Ọkọ mi, ká ní Benin ni wọ́n ti gbá a ni, ibo lẹ̀ bá ti rí mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ti rí tèmi. Kí àwọn yòókù lọ wá tiwọn lọ́jà Ekiosa."

Àbúrò mi obìnrin kò tíì rí tirẹ̀, ó sì ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí Èkó. Nítorí náà, màá dìde nípàdé ọjọ́ Àìkú, màá sì ta kò wọ́n. Ìyá ọkọ mi ní ìyàwó tuntun kì í bá ọkọ jiyàn lójú àwùjọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ rí sí i? Ẹni tó bá ní kí n jókòó, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun ti pàdé tirẹ̀.

Èmi ni,
Ìyàwó Inú Bọ́ọ̀sì.