Àtúnṣe Aago Méje

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Orí ìdúró ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Ṣé ẹ rántí ìròyìn tí mo kà lórí rédíò wa lóṣù tó kọjá, pé omi ẹ̀rọ àdúgbò kan ti dára fún mímu? Irọ́ ni, Màámi. Ohun tí ìjọba kọ fún wa la gbé mì láìrún. Aránṣọ kan pe rédíò wa, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká mu ún. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà ní ọsíbítù. Ṣebí owó orí wa lẹ fi ra máìkì yẹn?"

Ọ̀gá ní ká tọrọ àforíjì nísàlẹ̀ ìkànnì wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí eṣinṣin kì í bà sí. Mo ní rárá o, ibi tí a ti pa irọ́ la ó ti jẹ́wọ́ ẹ̀. Láago méje àárọ̀ àná, mo ka àtúnṣe náà síta, mo sì dárúkọ ara mi. Àwọn èèyàn ò yéé pè wá. Aránṣọ yẹn náà pè, ó ní àwọn ọmọ òun ti ń jẹun. Díẹ̀ ló kù kí n jó nídìí máìkì.

Wọ́n ti wá ní kí n lọ sinmi báyìí. Wọ́n tiẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi, kó má baà wúwo lápò mi. Mo sùn dáadáa lálẹ́ àná.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Tí Bàbá bá tan rédíò wa lórí fóònù láago méje, tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹlòmíì, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀fun ló ń dùn mí díẹ̀.